Kọ́nà Tí A Kò Rí Iwájú Rẹ̀



Ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀rọ̀ owó ni a ó sọ. Olùpolówó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọ̀rọ̀ kọ́nà ni àwa mú wá, nítorí pé òwò ń gbé wa dé Ehor, Ekpoma àti Auchi, òkú àti ìyàwó sì ń mú wa gba Orè lọ sílé. Ju ẹnì kan lọ nínú ẹgbẹ́ yìí ni ó lọ tí kò padà dé.

Ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tóóró, ó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ó pa àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ń kọ́ni níbẹ̀, kò fi lè dákẹ́. Ní 1977 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, òun sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Àwọn tí ó ń sin òkú ni ó kọ́kọ́ pariwo.

Kí ni kọ́nà fi ń pa ènìyàn? Ọkọ̀ tí ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá di 100, mítà 28 ni, kí èrò tó ráyè pe Jésù tàbí kí ó ṣe kálímà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ bírékì, ilẹ̀ tí ọkọ̀ yóò fi rìn kí ó tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Láti oṣù Kẹrin 1972 tí a ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, igbó tí ó bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún kọ́nà ni ó ń bo ojú wa. Lọ́rì tí wọ́n di ẹrù gíga sórí rẹ̀ tilẹ̀ lè ṣubú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbá a. Kí a tó wọ kọ́nà ni kí a ti dẹwọ́ eré. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ikpoba náà nìyẹn: jíà kékeré ni kí tírélà fi sọ̀ ọ́, nítorí bírékì tí a tẹ̀ láti òkè dé odò yóò gbóná, kò ní mú mọ́.

Ọ̀rọ̀ ewé tún wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, dẹ́rẹ́bà a já ewé tútù, a kó o sí ìdí ọkọ̀ gan-an. Ta ni yóò rí i lẹ́yìn kọ́nà? Kí ó gbé e jìnnà sẹ́yìn, kí ẹni tí ń bọ̀ rí i kí ó tó yà. Àwọn kan a sì wakọ̀ lọ, wọn a fi òkúta tí wọ́n fi há táyà sílẹ̀ láàárín títì. Ìwà ìkà ni.

Àwa èrò náà jẹ̀bi. Ìyá kan a ní, “Dẹ́rẹ́bà, rọra”, àwa yòókù a ní kí ó bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà á.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Kọ́nà ọ̀nà oko tí àwọn ìyá wa ń gbà lọ ra gààrí, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Koríko ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ nígbà òjò. Kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó òní fún àdá àti ọ̀dà funfun. A ó kọ́kọ́ lọ rí odionwere àdúgbò náà, a ó sì fi tó àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó létí. Nọ́ńbà tí a fi ń pè wọ́n bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni 122. Akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé. Kí ẹni tí yóò bá wa lọ ṣánko kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó jáde.