Ojú Tí Ń Wò Kì Í Ṣe Ojú Tí Ń Ṣọ́
Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé ọdọọdún



Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìwà ipá àti àgbákò tí ó ń bá àwọn gbajúmọ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi fóònù ya ara wọn, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń bá ènìyàn polówó ọjà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọn kò mọ̀ rí sì ń wò wọ́n lójoojúmọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà kan nínú wa máa rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, pé kò kan ẹgbẹ́ tí ń ronú nípa ọ̀nà, omi àti ilé-ìwé. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngán Màpó ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, yóò rí àwọn ọmọ Bẹẹrẹ, ọmọ Ọjà'ba àti ọmọ Bẹ́yẹrúnká tí wọ́n gbé fóònù dúró níwájú ara wọn. Àwọn kan nínú wọn ti ń fi iṣẹ́ náà bọ́ ìyá wọn. Nítorí náà kì í ṣe láti bú iṣẹ́ náà ni a fi dìde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú irọ́ kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ gbà pé bí ojú tí ń wo ènìyàn bá ti pọ̀ tó ni ààbò rẹ̀ ti pọ̀ tó. Wọn a ní ta ni yóò fọwọ́ kan ẹni tí gbogbo ayé mọ̀? Òdìkejì rẹ̀ ni a ń rí. Ojú tí ń wò kì í ṣe ojú tí ń ṣọ́.

Àwọn tí ó ti dàgbà láàárín wa kò tíì gbàgbé Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá olórin àpàlà, ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta. Ní àkókò rẹ̀ ohùn rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ilé àwọn onírẹ́kọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, ní ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ alákòóso ẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni ìjà náà dá lé. Ọkùnrin náà la ife ọtí mọ́ ọn lórí, Àyìnlá sì kú. Kì í ṣe olè, kì í ṣe àjèjì. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó ń jáde àti ibi tí ó ń jókòó sí ni. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá sún mọ́ gbajúmọ̀ nìkan ni ó lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí fóònù yí padà gan-an nìyí. Nísinsìnyí gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n, gbajúmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, olórin kan wà tí wọ́n ń pè ní Pop Smoke, ẹni ogún ọdún. Ó gba ilé kan ní ìlú Los Angeles. Wọ́n fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i, inú rẹ̀ dùn, ó fi àwòrán rẹ̀ han àwọn tí ń tẹ̀lé e. Àdírẹ́sì ilé náà sì hàn lára ẹ̀bùn náà. Ní òru ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2020 àwọn ọmọdékùnrin kan wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ọlọ́pàá jẹ́rìí ní ilé-ẹjọ́ pé aago ọwọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, dọ́là 2,000 péré ni wọ́n tà á, àti pé ẹni tí ó yìnbọn náà jẹ́ ọmọ ọdún 15. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ mọ ọmọ ọdún 15 dáadáa. Ọmọ tí a ṣì ń lé kúrò lábẹ́ igi máńgòrò kí ó lè wọ kíláàsì ni.

Owó nìkan kọ́ ni ó sì ń fa irú nǹkan báyìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2025, ní ìlú Islamabad ní orílẹ̀-èdè Pakistan, wọ́n yìnbọn pa Sana Yousaf nínú ilé wọn. Ọmọ ọdún 17 ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó sì ń wò ó lórí TikTok. Ẹni tí ọlọ́pàá mú jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22, tí wọ́n ní ó ti ń wá ọ̀nà àtibá ọmọbìnrin náà ṣọ̀rẹ́, tí ó sì kọ̀ fún un léraléra. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tí ó bá ń rí ojú ènìyàn láràárọ̀ àti lálaalẹ́ nínú yàrá rẹ̀, tí ó ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, tí ó mọ aṣọ rẹ̀ àti orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ó bá yá ọkàn rẹ̀ a máa tàn án pé àwọn méjèèjì jọ mọra ni. Ìgbà tí ó bá wá rí i pé ẹni náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun wà láyé, yóò kà á sí ìwọ̀sí. Àwọn ọmọbìnrin wa ni ewu yìí kàn jù lọ, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ìmúra wọn ni ó fà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ti òkèèrè ni gbogbo èyí. Ní oṣù keje ọdún 2012, ọmọbìnrin kan tí ń ṣòwò aṣọ gbéra láti òkè lọ́hùn-ún wá sí Èkó, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ní lórí Facebook ṣèlérí láti bá a wá ọjà. Wọ́n pa á nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Festac. Ní ọdún 2017 ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin méjì. Ọmọbìnrin náà kì í tilẹ̀ ṣe gbajúmọ̀. Oníṣòwò bí àwọn ọmọ tiwa ni.

Bí a bá ti sọ ti ẹni tí ń pa gbajúmọ̀, ó ku ohun tí àwa yòókù ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá kú tán. Ìbàdàn ti kọ́ ẹ̀kọ́ èyí kí fóònù tó dé.

Adégòkè Adélabú kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́, síbẹ̀ a kò mọ gbajúmọ̀ ayé òde òní kan tí ó ju ú lọ ní ìgboro wa. Ó di alága ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 1954, ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1955, ó sì jẹ́ olórí àwọn alátakò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-oòrùn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni àwọn ará ọjà gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, orúkọ náà sì di ti gbogbo Yorùbá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, bí ó ti ń ti Èkó bọ̀ wálé, ọkọ̀ rẹ̀ àti ọkọ̀ mìíràn forí sọ ara wọn ní ẹ̀bá Òde-Rẹ́mọ. Ẹni ọdún 42 ni nígbà tí ó kú.

Ìjàǹbá ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó gba Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ kan kì í ṣe “ó kú”, bí kò ṣe “wọ́n ti pa á”. Ta ni “wọ́n”? Kò sí ẹni tí ó béèrè. Àwọn ènìyàn dìde sí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n pa àwọn tí kò sí nítòsí Òde-Rẹ́mọ lọ́jọ́ náà, tí wọn kò sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti mọ̀ lọ. Ìjà náà ti ìgboro dé abúlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọlọ́pàá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí a sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí ó ṣe èyí kì í ṣe ọ̀daràn látilẹ̀wá. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà dénú ni. Ìbànújẹ́ òtítọ́ ni ó mú wọn ṣe é, ohun tí ó bani lẹ́rù níbẹ̀ sì nìyẹn.

Ẹ wá wo ọdún 2023. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, Ìléríolúwa Alọ́ba, olórin tí ayé mọ̀ sí Mohbad, kú ní Èkó ní ọmọ ọdún 27. Wọ́n sin ín ní Ìkòròdú ní ọjọ́ kejì. Kí ó tó kú ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba pé àwọn kan ń fìyà jẹ òun, àwòrán àti ohùn rẹ̀ sì wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní ìlú púpọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ìwádìí. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ ní ibí yìí: ariwo náà wúlò. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà wọ́n hú òkú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, a sì gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí ikú kalẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá ti dákẹ́, kò dá wa lójú pé èyí ì bá ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ariwo mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ṣáájú kí dókítà tó sọ ohunkóhun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti dá ẹjọ́ tán. Lónìí ọ̀rẹ́ ni ó pa á, lọ́la ìyàwó ni, lọ́tùn-únla bàbá ni. Wọn kò fi ọmọ ọwọ́ tí ó fi sílẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀; wọ́n ń béèrè ní gbangba bóyá ọmọ rẹ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2025 ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò ìjọba Èkó jáde pé kò sí ẹjọ́ ikú lọ́rùn àwọn tí ariwo kọ́kọ́ dá lébi. Ní oṣù keje ọdún náà, adájọ́ tí ó wádìí ikú náà tọ́ka sí ìtọ́jú aláìbìkítà láti ọwọ́ ẹni tí ó fún un ní abẹ́rẹ́. Ọdún méjì ó dín oṣù díẹ̀ ni ó gba adájọ́. Ariwo ti parí tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ariwo tí ó ní “ẹ wádìí”, ọmọlúàbí ni. Ariwo tí ó ní “a ti mọ̀ ọ́n” ni ariwo ọdún 1958, fóònù kàn fún un ní ìyẹ́ ni. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀, a sì fẹ́ kí àwa àgbà náà mọ̀ ọ́n, nítorí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti ẹbí wa, kì í ṣe ọmọdé ni ó máa ń kọ́kọ́ fi ohùn tí a kò mọ olóhùn rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ kù fún yín. A mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ilé. Ẹ máa ń fi ìwé ọkọ̀ òfuurufú yín han ayé kí ẹ tó gbéra, ẹ máa ń ya ilé tí ẹ ń kọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé òkè, ẹ máa ń sọ ọjọ́ tí ẹ óò dé àti ilé ìtura tí ẹ óò sùn. A bẹ̀ yín, ẹ yà á, kí ẹ sì pa á mọ́ di ìgbà tí ẹ bá padà dé ọ̀hún. Ayọ̀ náà kò ní bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a sọ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ fífi ara hàn: kí wọ́n kúrò níbi tí wọ́n ti ya àwòrán kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n má fi ẹnu ọ̀nà ilé ìyá wọn han ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má sì dá nìkan lọ pàdé ẹni tí wọ́n mọ̀ lórí ẹ̀rọ nìkan. Bí ìhalẹ̀ bá dé, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sórí fóònù, kí wọ́n mú un tọ àgbà kan àti ọlọ́pàá lọ.

Àwa olùkọ́ kan ti fẹnu kò láti fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní èyí, láìgba owó. Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni owó títẹ ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá, tí àwọn ọmọ yóò lè mú lọ fún àwọn òbí ní Ọjà'ba àti Bẹ́yẹrúnká. Iye tí atẹ̀wé bù lé e ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé, a sì bẹ̀ yín kí ẹ gbé e yẹ̀ wò kí ìpàdé yìí tó túká.