LẸ́YÌN TÍ DÓKÍTÀ BÁ NÍ KÍ ALÁÌSÀN MÁA LỌ SÍLÉ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní GRA, ìlú Bìní)



Ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ni wọ́n ní kí n sọ. N kò ní í sọ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá kúrò ní ọsibítù ni kí a gbé yẹ̀ wò.

Láti ọdún 1973 tí UBTH ti wà ní Ugbowo, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Bí wọ́n bá ti ní kí aláìsàn máa lọ, ẹbí yóò ní kí a gbé e lọ sí Iléṣà, tàbí Ọ̀yọ́, tàbí Ìjẹ̀bú. Èyí kò burú. Ohun tí ó burú ni pé káàdì rẹ̀ wà ní Bìní, òun wà nílé, dókítà tí ó bá níbẹ̀ kò sì mọ oògùn tí ó ti lò.

Mo mọ ìyá kan tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú. Ó gba abẹ́rẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́fà, ara rẹ̀ fúyẹ́, wọ́n gbé e lọ sílé kí ó lọ sinmi. Kò sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Nígbà tí yóò fi padà lẹ́yìn oṣù méje, àrùn ti wọ egungun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, jẹjẹrẹ kì í ṣe ibà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ti púpọ̀ nínú wọn. Tamoxifen tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú, ọdún 5 ni a sábà ń lò ó, bí ara tilẹ̀ yá. Bí ara ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ yìí bá gbóná, a kì í dúró se àgbo. Ọjọ́ náà gan-an ni a ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Bí àrùn bá tilẹ̀ kọjá ìwòsàn, ìtọ́jú kò tán. Ní Uganda, láti ọdún 1993 tí Dókítà Anne Merriman ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé oògùn ìrora lọ bá aláìsàn nínú ilé. Ní UCH Ìbàdàn pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí aláìsàn má kúrò ní ọsibítù láìgba ìwé tí ó sọ irú àrùn náà, èsì àyẹ̀wò, oògùn tí ó ti lò, àti ọjọ́ ìpadà. Èkejì, bí aláìsàn bá fẹ́, kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan tì í, tí yóò máa rán an létí bí ọjọ́ bá kù díẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a yọ díẹ̀ nínú owó tí a bá dá lónìí fún owó ọkọ̀ àti oògùn wọn.

Gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́ dára. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò jókòó sínú rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.