Plugin Nínú Monorepo: Ibi Tí Package Wà Ló Yẹ Kéèyàn Kọ́kọ́ Wò

Bí plugin kan bá ń ṣiṣẹ́ geere nínú fódà tirẹ̀, àmọ́ tó yarí bí wọ́n ṣe gbé e wọ monorepo, kóòdù inú rẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ máa ń kọ́kọ́ fura sí. Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ibi tí package náà wà gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Monorepo ni kí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jọ wà nínú àká kóòdù kan ṣoṣo. Ní 2016, Rachel Potvin àti Josh Levenberg tẹ̀ ẹ́ jáde pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ìlà kóòdù ló wà nínú irú àká bẹ́ẹ̀ ní Google. Àwọn ẹgbẹ́ kékeré pàápàá ń lò ó: Yarn gbé workspaces, tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ package jọ wà nínú àká kan, dé ní 2017, npm 7 sì tẹ̀ lé e ní 2020.

Vite, tí Evan You bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ni sáfà tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣiṣẹ́. Kì í di gbogbo fáìlì pọ̀ kó tó gbéra. Èyí tí aṣàwákiri bá béèrè ló ń tọ́jú fún un. Nínú plugin, transform ló ń yí fáìlì padà kó tó dé aṣàwákiri. Bí wọ́n bá kọ apply: 'serve' sí i, kò ní dá sí ohun tí aráàlú máa lò níkẹyìn.

Ká ní apps/web ni ojú-ìwé wà, tí packages/plugin-ede sì ń bá a ka àwọn fáìlì ọ̀rọ̀ Yorùbá. Nínú package.json ti web, wọ́n kọ "workspace:*" tẹ̀ lé orúkọ plugin náà. Lẹ́yìn pnpm install (irinṣẹ́ bíi Yarn àti npm ni pnpm), plugin-ede yóò fara hàn nínú node_modules, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àjápọ̀ ni, tó ń tọ́ka sí fódà packages.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí Vite bá ń ka vite.config.ts, àwọn fáìlì tí wọ́n fi ojú ọ̀nà wọn pè ló máa ń dì mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá fi orúkọ package pè, ọwọ́ Node ló ń fi í lé. Bí plugin-ede bá ṣì wà ní TypeScript, Node àtijọ́ yóò kígbe pé òun kò mọ fáìlì .ts. Bó bá tiẹ̀ gbà á, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí plugin náà kò ní mú kí sáfà tún ara rẹ̀ gbé dìde. Wọ́n ní láti pa á, kí wọ́n tún un tàn.

Ọ̀nà tó dájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ plugin náà di JavaScript, kí "exports" inú package.json rẹ̀ sì tọ́ka sí dist, fódà tí JavaScript náà wà. Láti Vite 6.1, --configLoader runner náà wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kejì ni ààlà. Vite máa ń wá pnpm-workspace.yaml tàbí "workspaces" lókè fódà tó wà, kó lè mọ ibi tí àká náà parí sí. Bí kò bá rí i, apps/web nìkan ni yóò gbà bí ilé, aṣàwákiri tó bá sì béèrè fáìlì láti packages yóò gba 403. server.fs.allow ni wọ́n fi ń ṣí ààlà náà.

Nítorí náà, kí ẹni tí plugin rẹ̀ yarí kọ́kọ́ lo readlink -f láti mọ ibi tí àjápọ̀ náà já sí, kó wo "exports", lẹ́yìn náà kó wá ṣí kóòdù transform.