Ìpèsè Òṣìṣẹ́ De Ọjọ́ Iwájú: Ohun tí Ojú Sabon Gari ti Rí

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe ń pèsè òṣìṣẹ́ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú, àti lórí àwọn ohun tí ń darí irú ìpèsè bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ti òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn tí a ń kówó jọ fún. Ẹ ní sùúrù, a ó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ yóò ka àwọn tí ó ní lónìí. Yóò wo àwọn tí yóò fẹ̀yìntì, àwọn tí yóò wáṣẹ́ lọ síbòmíràn àti àwọn tí ikú lè mú lọ. Yóò ro iye ènìyàn tí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i yóò gbà, àti irú ìmọ̀ tí wọn yóò ní. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ọ̀nà àtidí àlàfo tí ó wà láàrin méjèèjì. Ohun tí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ líle ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ń yí ìṣirò náà padà kì í gbé inú ọgbà ilé iṣẹ́. Òfin ìjọba ni, ọjà ni, òjò ni, ilé ìwé ni, ìjà ìlú ni. Ojú Sabon Gari ti rí gbogbo wọn.

Àìtó akọ̀wé wà lára ohun tí ó bí àdúgbò yìí. Ní 1911 ni ojú irin dé Kánò. Rélùwéè, ọ́fíìsì ìjọba àti àwọn ilé ìtajà òyìnbó ń wá akọ̀wé, atẹwáyà àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ilé ìwé ìjọba tí Hanns Vischer bẹ̀rẹ̀ ní Nasarawa ní 1909 ṣì kéré jù láti pèsè wọn. Yorùbá oníṣòwò ti wà nínú ìlú Kánò ṣáájú, ẹ wo Àyàgí. Àwọn tí ojú irin kó wá ní tiwọn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí a fún wọn. Ìwé tí wọ́n mọ̀ ni ó mú wọn wá, wọ́n sì rò pé títí láé ni a ó máa nílò wọn.

Ní 1957, ìjọba Ìpínlẹ̀ Àríwá là á mọ́lẹ̀ pé bí iṣẹ́ ọba bá ṣí sílẹ̀, ọmọ Àríwá tí ó tóótun ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Bí kò bá sí, wọn lè gba òyìnbó, tàbí ará ibòmíràn ní Nàìjíríà lórí àdéhùn ọlọ́dún díẹ̀, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ilé ní Sabon Gari ni ọ̀rọ̀ yìí dun. A kò ní fi dídùn rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ níwájú àlejò, nítorí ọ̀rẹ́ kì í tan ọ̀rẹ́. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Àwọn tí ó ṣe òfin yẹn ka ipò tí wọ́n ní, wọ́n ka ọmọ tí wọ́n ní, wọ́n rí àlàfo, wọ́n sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso sílẹ̀ ní Sááríà ní 1954 láti dí i. Ìpèsè òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe yẹn. Tiwa ńkọ́? Àwọn bàbá wa mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ onílé náà bá kàwé?

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ní ọrọọrún. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti gbìyànjú irú ìwòye bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí a gbé kalẹ̀ ní 1959, ní kí Frederick Harbison ṣírò àwọn òṣìṣẹ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò títí di 1970, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1960. Iṣẹ́ tó gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò wo ni ó lè rí 1966? Lọ́dún yẹn ni a pa ọ̀pọ̀ Ígbò ní Àríwá, tí àwọn tí ó kù sì sá lọ. Sitéṣàn, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn ọ́fíìsì pàdánù òṣìṣẹ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Yorùbá àti àwọn ọmọ Àríwá ni a fi dí ọ̀pọ̀ àyè náà. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè yọ̀ sí. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ibi tí iṣẹ́ kan bá ti wà lọ́wọ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo, tàbí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ kan péré lè dá a dúró.

Ti ẹ̀pà kò la ẹ̀jẹ̀ lọ. Ọ̀dá òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 dé, àrùn ẹ̀pà 1975 tẹ̀ lé e, òkìtì àpò ẹ̀pà tí a mọ Kánò mọ́ sì pòórá. Ẹni tí ń wọn ẹ̀pà, ẹni tí ń rán àpò, akọ̀wé tí ń kọ iye rẹ̀, gbogbo wọn ni ó kàn.

Ní oṣù kẹsàn-án 1976 ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, olùkọ́ sì wọ́n. A lè fi owó kọ́ yàrá ìkàwé láàrin oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n olùkọ́ gba ọdún púpọ̀ kí ó tó pé. Ìwọ̀ Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955. Ọmọ tí ó wọ ilé ìwé lọ́jọ́ náà ti ju ọmọ ogún ọdún lọ ní 1976, ó sì lè di olùkọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó wà láàrin ìpinnu yẹn àti èso rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iye ọdún yìí wà lọ́kàn yín.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa náà ńkọ́? Nígbà kan, bí mẹkáníìkì tàbí télọ̀ bá ránṣẹ́ sílé, ọkọ̀ ojú irin á gbé ọmọṣẹ́ mẹ́ta wá. Nísinsìnyí àwọn òbí ń fẹ́ kí ọmọ lọ sí pólì, àwọn ọmọ fúnra wọn sì ń fẹ́ iṣẹ́ tí ó tètè mówó wá. A kò bú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó fẹ́ gba ọmọ méjì ní ìyọ̀ǹda lọ́dún yìí, tí kò sì tíì gba òmíràn, ó yẹ kí ó mọ̀ pé òun nìkan ni yóò máa dì mọ́ spánà lọ́dún tó ń bọ̀.

Gbọ̀ngàn wá kù. Owó tí ẹ ó ná lónìí yóò ra sìmẹ́ńtì àti páànù. Kò lè ra akápò tí yóò mọ ìwé owó í tọ́jú, tàbí akọ̀wé tí yóò kọ Yorùbá sílẹ̀ láìṣi àmì, tàbí ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní èdè wa lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Nínú ìgbìmọ̀ wa, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ti dàgbà, púpọ̀ nínú wọn sì ń múra àtipadà sílé. Àwọn ọmọ tí a bí níhìn-ín gbọ́ Haúsá, wọ́n mọ ọjà, wọ́n sì mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n a kì í pè wọ́n sípàdé àfi bí a bá fẹ́ gbé àga.

Nítorí náà, ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, ọdún tí ẹ lérò láti lò sí i ní Kánò, àti ọmọ kan nínú ilé yín tí ó lè jókòó ti yín láti kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, akọ̀wé yóò bá a kọ ọ́. A ó ka àbájáde rẹ̀ ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí a tó fa ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn.