Bí Pẹ́dà Ìjánu Ọkọ̀ Oníná Bá Rọ̀

Ọ̀rọ̀ ìjánu ọkọ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní búréèkì, ni mo gbé tọ̀ yín wá. Kì í ṣe ti ọkọ̀ elépo tí gbogbo wa mọ̀, bí kò ṣe ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń fi iná mànàmáná rìn.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé orí òkè ni ilé yín wà, bí irú Òkè Mápó ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ yín ti wà nídìí iná láti alẹ́ àná, bátìrì rẹ̀ ti kún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ kó àwọn ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ dorí kọ ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ ìjánu, pẹ́dà rọ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, ọkọ̀ sì ń lọ. Ó lè jẹ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìjánu náà ti ń bàjẹ́ bọ̀, tí ẹ kò sì fura.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ tó ní dáínámò lára táyà rí, ẹ mọ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń wúwo nígbà tí iná rẹ̀ bá ń tàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ọkọ̀ oníná. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ìsáré, ẹ̀rọ tó ń yí táyà á di dáínámò, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ìwúwo rẹ̀ á sì máa dín eré ọkọ̀ kù. Èyí ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìdúró. Páàdì àti epo ìjánu kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó ti kún kì í gba omi mọ́. Bí bátìrì bá ti kún, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná kì í lè lo dáínámò yìí tó bó ti yẹ, gbogbo iṣẹ́ á sì bọ́ sọ́rùn ìjánu tó ti ń sùn láti ọjọ́ yìí wá.

Kí ló ń mú pẹ́dà rọ̀? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè dán èyí wò. Ẹ wá abẹ́rẹ́ dókítà tuntun tí kò ní irin lẹ́nu. Ẹ fa omi kún un, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá tì í: kò ní wọlé. Ẹ da omi náà nù, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún un, ẹ tún tì í: yóò wọlé, yóò sì ta padà bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Epo ìjánu dà bí omi yẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti bá a wọnú páìpù, afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ yín ń fún, kì í ṣe páàdì.

Omi náà tún ń ba epo yìí jẹ́. Epo ìjánu a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ tí a kò dé lásìkò òjò. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C nígbà tó jẹ́ tuntun. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n kan, ó lè hó ní 155°C. Bó bá hó, ó di ooru, pẹ́dà á sì wọlẹ̀. Ọjọ́ orí ló ń ba epo yìí jẹ́, kì í ṣe ìrìn, nítorí náà ọkọ̀ tí kò jáde púpọ̀ kò yọ.

Láti mọ ibi tó ti ń ṣe ọkọ̀ yín, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fa ìjánu ọwọ́, ẹ tan ọkọ̀. Ẹ tẹ pẹ́dà dáadáa, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bó bá ń rọra rì, epo ń sá níbì kan: yálà ó ń jò síta, tàbí rọ́bà inú másítà ti jẹ. Bí kò bá rì, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra ló tó ń le, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fura sí. Bó bá le gbagidi tí ọkọ̀ kò sì dúró, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ló daṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ike epo ìjánu. Nínú ọkọ̀ elépo, epo yìí lè wálẹ̀ díẹ̀ nítorí pé páàdì ń jẹ. Páàdì ọkọ̀ oníná kì í tètè jẹ, nítorí náà bí epo bá ń lọ sílẹ̀, ẹ wá ojú ibi tó ń jò lẹ́yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wo páàdì pẹ̀lú: bí apá kan bá jẹ ju èkejì lọ, kálípà ti dípẹtà nítorí àìṣiṣẹ́, ìyẹn náà sì lè mú pẹ́dà rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ike yìí láé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Gbogbo rọ́bà inú ìjánu ni yóò wú.

Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, ẹni méjì ló ń lé e jáde. Ọ̀kan á tẹ pẹ́dà, á dúró lé e; èkejì á fi sípánà tú bóòtù kékeré ara kálípà, tó ti fi rọ́bà funfun bọ̀ sínú ìgò, á sì tún un dè kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹsẹ̀. Wọ́n á máa ṣe é títí èéfó kò fi ní jáde mọ́, wọ́n á sì máa bu epo tuntun kún ike, nítorí bí ike bá gbẹ, afẹ́fẹ́ mìíràn ti wọlé. Ìwé ọkọ̀ ló máa sọ táyà tí a ó kọ́kọ́ ṣe.

Ibí ni ọkọ̀ oníná ti yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà ló ń ka bí ẹ ṣe tẹ pẹ́dà, ẹ̀rọ kan ló sì ń ti epo. Àwọn kan wà tí ẹ̀rọ yìí ń jí fúnra rẹ̀ bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, ó sì lè gé ìka ẹni tó wà nídìí kálípà. Irú wọn ń fẹ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí mẹkáníìkì fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá ní i, kó má tú bóòtù kankan. Wáyà tó bá sì ní àwọ̀ ọsàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iná inú rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ tẹ pẹ́dà lójú kan náà títí yóò fi le. Kí ẹ wá wa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní pápá tí kò sí ènìyàn, pẹ̀lú bátìrì tó kún, kí dáínámò má baà tàn yín jẹ. Bí pẹ́dà bá tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì, afẹ́fẹ́ ṣì ń rí ibi gbà wọlé. Ẹ fi ọkọ̀ náà sílé, kí ẹ tún pe mẹkáníìkì.