Ojúrere Ọ̀gá àti Ìlànà Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ láti Abẹ́òkúta



Ẹ ní kí n sọ bí àárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ṣe ń tún iṣẹ́ ẹni ṣe tàbí tó ń bà á jẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀gá lè gbéni ga, ó sì lè rẹni sílẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé: bí ọ̀gá tó gbéni ga bá kúrò lórí àga ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1846 ló wọ Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS. Ìlú yìí ló ti tún fojú kan Àfàlà, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ẹrú ti yà wọ́n. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà dé Lọ́ńdọ̀nù. Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS níbẹ̀, ń ka ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbà pé ọmọ Áfíríkà ló yẹ kó máa ṣàkóso ìjọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó tó ti dé Abẹ́òkúta ṣáájú rẹ̀ ní 1843, gbà pé ènìyàn dúdú kò lè rí ọ̀wọ̀ tó yẹ bíṣọ́ọ̀bù gbà. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri ní nǹkan bí 1851 pé wọn yóò fi Crowther joyè náà, Townsend kọ̀wé takò ó, ó sì kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra.

Venn borí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Àmọ́ ẹ wo bí ìṣẹ́gun náà ṣe rí: àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tó wà nílẹ̀ Yorùbá kò gbà láti wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà Odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ sí. Ó di bíṣọ́ọ̀bù tán, kò lè pàṣẹ fún ìjọ Abẹ́òkúta tó bá wọn dá sílẹ̀.

Venn kú ní 1873. Àwọn tó jókòó sípò rẹ̀ kò wo Crowther bí Venn ṣe wò ó. Lóòótọ́, iṣẹ́ Odò Ọya ní àléébù: ilẹ̀ gbòòrò, owó kò tó, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì ṣìwà hù. Ṣùgbọ́n nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Oníṣà ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló di adájọ́ lórí bíṣọ́ọ̀bù tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀, ó bá kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891 ló papò dà, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Orí ìfẹ́ ẹnì kan ni ipò Crowther dúró lé. Nígbà tí onítọ̀hún lọ, kò sí òfin tó gbà á sílẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá kan, Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, wá ìlànà dípò ojúrere. Láyé rẹ̀, ọwọ́ máníjà ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ni owó oṣù olùkọ́ wà, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni ìlékúrò wà. Bí máníjà bá fẹ́ràn rẹ, o ríbi jókòó. Bí ó bá yí padà, o di ẹrù rẹ. Ní 1931, wọ́n dá ẹgbẹ́ olùkọ́ Nàìjíríà, NUT, sílẹ̀, Ransome-Kuti sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló di ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1954. Àlùfáà ni, ọ̀gá ni, síbẹ̀ ó ń darí ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ kí owó oṣù àti àdéhùn iṣẹ́ bára dọ́gba fún olùkọ́, ìbáà jẹ́ ti míṣọ́n tàbí ti ìjọba. Inú rere rẹ̀ nìkan kò lè dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀gá mìíràn, àfi bí ó bá di ìlànà.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa kò ṣàì mọ èyí. Télọ̀ tó bá gba ọmọ iṣẹ́ ní Ìtòkú tàbí Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta ń béèrè ìwé àdéhùn àti onídùúró, wọ́n sì ń dá iye ọdún. Lọ́jọ́ fìrídọ́ọ̀mù, tí ọmọ iṣẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, níwájú òbí àti ẹgbẹ́ ni ọ̀gá ti ń súre fún un. Bí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bá tilẹ̀ jà lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fọ́gàá, ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin iṣẹ́ yín, ẹ má sì fi gbogbo ìrètí yín rọ̀ mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Bí ó bá yìn yín lẹ́nu, ẹ rọra bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sí fáìlì.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹni tí ìgbéga tọ́ sí, ẹ fi ìdí rẹ̀ hàn nínú ìwé, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín má lè yẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣe ọ̀gá rere, ẹ béèrè bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín lọ́dún kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì.