Èso Abẹ́rẹ́ Olóko àti Ẹbí Rẹ̀



Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko kọjá ní agbègbè Àgọ́-Ìwòyè lè délé kí ó bá abẹ́rẹ́ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ lára aṣọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóko ni. Irúgbìn ni a sábà máa ń pè é, ṣùgbọ́n odidi èso ni: èso gbígbẹ tí hóró kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀.

Ewúro, ẹ̀bọ́lọ̀, imí-eṣú àti ewé Akíntọ́lá jẹ́ ẹbí rẹ̀. Asteraceae ni àwọn onímọ̀ ń pe ẹbí yìí, irú tí ó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 20,000. Bí ẹ bá wo ewé wọn, ẹ kò ní gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n òdòdó kéékèèké a máa kóra jọ sórí kan, èso ẹlẹ́yọ hóró a sì máa ti ara wọn jáde.

Orí èso náà ni ìyàtọ̀ wà. Irun fúlẹ́fúlẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ ni ó wà lórí ti ewúro, ẹ̀bọ́lọ̀ àti Akíntọ́lá. Ìpẹ́ márùn-ún tí ẹnu wọn ṣóńṣó ni ti imí-eṣú. Ti abẹ́rẹ́ olóko jẹ́ ẹ̀gún méjì tàbí mẹ́ta, tí ìkọ́ wíwẹ́ ara wọn kọjú sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ó fi ń di aṣọ àti irun ewúrẹ́ mú.

Ṣùgbọ́n èso nìkan kò tó dájọ́. Ewúro àti ẹ̀bọ́lọ̀ jọ ní irun, síbẹ̀ ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí George Bentham to ẹbí yìí lẹ́sẹẹsẹ ní 1873, ó wo inú òdòdó pẹ̀lú.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bidens ni orúkọ tí Linnaeus ará Sweden lò fún abẹ́rẹ́ olóko nínú ìwé rẹ̀ ní 1753. ‘Eléyín méjì’ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìn. Abẹ́rẹ́ ni àgbẹ̀ tiwa pè é. Èso kan náà ni àwọn méjèèjì wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há Bidens sórí fún ìdánwò, tí ó sì ń pe abẹ́rẹ́ olóko ní koríko lásán, ti sọ ìmọ̀ àwọn baba rẹ̀ nù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó wọn lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà; ẹ jẹ́ kí wọ́n já èso, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà.